Oorun, Òróró Yànmọtí àti Tẹlifíṣọ̀n Alhaja

Odidi oṣù méjì ni mi ò fi rí oorun sùn ní yàrá mi ní Ìbà. Mo ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó kàn ń mú mi yán títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ni. Mo gbàdúrà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bóyá Ọlọ́run ń bá mi sùn oorun tèmi mọ́ tiẹ̀.

Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí.

Tẹlifíṣọ̀n là ń tún ṣe ní Àlàbá. Alhaja, onílé mi, gbé tiwọn fún mi pé kí n bá wọn wò ó. Wáyà kékeré kan ló já. Àmọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀, pátákó tí gbogbo wáyà ẹ̀ so mọ́, dára gan-an, kọ́sítọ́mà mi kan sì ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì. Mo yọ ọ́ tà fún un, mo fi àlòkù kan rọ́pò ti Alhaja. Láti ọjọ́ náà, tí wáàsí tí wọ́n ń wò bá ti dé ibi tó dùn, tẹlifíṣọ̀n á pa ara ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, kí ló tún ṣe é?" Èmi á ní, "Iná ni, mà. Iná àdúgbò yìí ò dáa." Wọ́n á ṣàdúrà fún mi, wọ́n á wọlé.

Bàbá ará Íńdíà kan ló ń bójú tó ilé ẹrù tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó bá mi níbi tí mo ti ń tòògbé, irin gbígbóná tí a fi ń jó wáyà mọ́ra ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó fi pijin tiẹ̀ sọ pé màá fi irin náà jó imú ara mi. Ó fa páálí kan ya, ó kọ "Ayurveda" sí i, ó ní ìṣègùn àwọn bàbá ńlá àwọn nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ló ń darí ara: afẹ́fẹ́, iná, omi. Ó ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù lára mi, òun ló ń gbé ọkàn mi sáré kiri tí mo bá dùbúlẹ̀. Ó bú gàrí olómi tútù tí mò ń mu lálẹ́ bí ẹni pé ọ̀tá ẹ̀ ni. Kí n jẹ oúnjẹ gbígbóná kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n pa fóònù, kí n rẹ́ nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ sínú wàrà tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí n sì fi òróró yànmọtí wọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Ó wá béèrè pé, "Kí lò ń rò tó o bá dùbúlẹ̀?"

Mo ní ooru ni.

Ó ní òun ò bi mí bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

Mo ra gbogbo ẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Mo kọ afẹ́fẹ́, iná, omi sí páálí náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí n má baà gbàgbé. Nígbà tó di alẹ́ kẹta, mo sùn bíi wákàtí mẹ́ta! Ìtọ̀ ló jí mi. Mo fi ẹsẹ̀ olóròóró rìn lọ sílé ìtọ̀ lórí táìlì funfun, mo rìn padà.

"Jáde síta! Ìwọ ọmọ yìí, jáde!"

Ilẹ̀ ti mọ́. Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, télọ̀ obìnrin tó ń gbé yàrá kejì wà lẹ́yìn wọn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má kí mi! Ta ló ni ẹsẹ̀ olóròóró tó gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá yìí?"

"Èmi ni, mà. Kí n lè sùn ni."

Télọ̀ ní, "Alhaja, ẹ bi í dáadáa o. Àwọn ọmọ yàhúù kì í sùn!"

Alhaja yọjú wo yàrá mi, wọ́n rí páálí. "Afẹ́fẹ́, iná, omi! Kí lò ń pè wá sínú ilé mi?"

"Ará Íńdíà kan ló kọ́ mi, mà."

Ibi tí mo ti ba ara mi jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ Íńdíà níbí, oògùn owó ló ń rò.

"Íńdíà! Yéè! Kó ẹrù ẹ lónìí!" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọmọ kékeré, o ò níyàwó, o ò bímọ. Kí ni kò jẹ́ kí o sùn?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù látòkèdélẹ̀, títí dé irọ́ iná.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ lanu: "Pátá ńkọ́? O ò mú pátá mi lórí okùn fi ṣoògùn owó?"

"Rárá o!"

Alhaja ní, "Bọ́ọ̀dù yẹn nìkan?"

"Òun nìkan, mà."

"Alhamdulillah! Olè lásán ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀mí ẹ̀ padà fún. Ẹ̀yìn náà ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí télọ̀ máa lọ. Wọ́n ní, "Gbogbo àdúrà tí mò ń gbà fún ọ." Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n tèmi sí pálọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí bọ́ọ̀dù gidi rà. Mo ṣì ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀, mo sì ń sùn, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí ní ọmọ mi mọ́.

Oṣù tó kọjá ni fíríìjì wọn bàjẹ́. Wọ́n pe ẹlòmíì láti Òkòkomáikò. Bí mo ṣe ń yọ́ kọjá, wọ́n pè mí.

"Gbé àpótí wá, kí o jókòó ti ọkùnrin yìí, kí o máa wo ọwọ́ ẹ̀. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń jí nǹkan inú ẹ̀."

Mo gbé àpótí wá.