Gáùn Dúdú Tí Mo Gbé Sọnù

Òórùn ohun tí wọ́n ń fín sí irun kó lè dúró ṣánṣán ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti mọ́ nílé wa ní ìlú Smyrna, lókè òkun níbí. Ọmọbìnrin mi á ti wà nínú balùwẹ̀, á fi tìróò kun ojú títí á fi dà bí ẹni tí kò sùn láti ọdún méjì, á wọ bàtà tó ga tó àpótí ìjókòó, á wá gbé gáùn dúdú tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wọ̀. Gothic rock ni wọ́n ń pe orin tó kó sí i lórí. Èmi náà kì í dákẹ́: "Ìyàwó òkú, ṣé o ti múra tán?" Mò ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàyè kì í dédé wọ dúdú látorí dẹ́sẹ̀. Funfun sáà ni gbogbo wa wọ̀ sin bàbá rẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ní ká má sunkún. N kò sì sunkún. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo padà sẹ́nu shift mi.

Lọ́jọ́ kan tó lọ síléèwé, mo ká gáùn náà, mo lọ jù ú sínú àpótí aṣọ ìtọrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mall.

"Mummy, gáùn mi dà?"

"Mo ti sin ín. Ta ló tiẹ̀ kú tí ò ń ṣọ̀fọ̀?"

"Daddy." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Kóòtù Daddy ni mo fi rán apá ẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

N kò mọ̀ ọ́n. Kóòtù tí mo máa ń gbọn eruku rẹ̀ kúrò ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè nígbà ayé rẹ̀! A sáré padà sídìí àpótí ìtọrẹ náà. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Nínú mọ́tò, ó ní òun máa lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Norcross. Mo ní kó fi orin náà sí i kí n gbọ́. Gìtá tó ń dún kíjikíji ló ṣáájú, ohùn ọkùnrin kan sì tẹ̀ lé e bí ẹni ń kọrin láti ìsàlẹ̀ kànga.

"Ṣé kì í ṣe orin èṣù rèé?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn ọmọ England tí ò ríṣẹ́ ni." Ó ní orin aláriwo ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ kó tó sú wọn, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n yá àtíkè àti aṣọ dídán lọ́wọ́ àwọn olórin ọkùnrin tó ti ń kun ojú ṣáájú wọn, wọ́n fi lésì àti àrán kún un. "Wọ́n sad, wọ́n wá dress fún un. Wọ́n fine, Mummy."

Ó ṣì kó lọ. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀, èmi ni mo sì ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìgboyà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fi ń yìn mí pé n kò sunkún, ìlẹ̀kùn tí mo fi ti ọmọ yẹn mọ́ta ni. Àwa méjèèjì la jọ pàdánù ọkùnrin kan. Mo jẹ́ kó dá ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe, mo tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.