Pákó Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Gó

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn dókítà, nítorí náà òun ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ibà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Dókítà gbé báàgì rẹ̀ dé. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé nígbà tí ohùn dún láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ò tíì sọ ọ́!"

"Kí ni mi ò tíì sọ, bàbá?"

"Ohun tó wà lára pákó lókè orí yín."

Dókítà gbójú sókè, ó rí pákó kékeré kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "GO IN" sí. "Bàbá, ara yín ń jó."

"Ẹ jẹ́ kó máa jó. Ẹ sọ ọ́."

Dókítà sọ ọ́, ó wọlé, ó gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó ń jáde, kò sọ "GO OUT" tó wà lára pákó inú ilé. Ọkọ mi pè é padà. Kó tó lè padà wọlé ńkọ́? Àfi kó tún sọ "GO IN". Inú ti ń bí i, bó ṣe ń jáde ó tún gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde, kó tó fojú kan títì.

Bàbá Gó ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà ni, kò ka ju ìwé mẹ́ta lọ, èmi ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ kà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án nínú òyìnbó sísọ, títí ọmọbìnrin wa fi bímọ sí òkè òkun. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, wọ́n ní kó bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òyìnbó ń dà lẹ́nu ọmọ bí òjò, ọkọ mi ń sọ "yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì". Ọmọ béèrè nǹkan kan, ó ń retí èsì. Ọkọ mi tún ní "yẹ́ẹ̀sì". Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ fún wa pé ohun tó béèrè ni pé ṣé bàbá àgbà kò fẹ́ràn òun ni.

Ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó tí kò nílò fífá. Nígbà tó wọlé, èèrún igi kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá àgbà," ó ní, "mi ò ní kú láìdá ọmọ yẹn lóhùn."

Ó ra ìwé òyìnbó àlòkù kan, ó ṣí i, ó pariwo pé kí n wá wò ó. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní! 'Go.' Lílọ lásán ni. Wọ́n á so 'up' mọ́ ọn nídìí, ó di gígòkè. Wọ́n á so 'down' mọ́ ọn, ó di sísọ̀kalẹ̀. Káfíńtà làwọn èèyàn yìí! Irin kan ni wọ́n ní, èèkù ni wọ́n ń pààrọ̀."

Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe fọ́ńté sí wa láti ọjọ́ yìí?"

Bó ṣe ń kọ́ ọ gan-an ni wàhálà. Ó ní ohun tí ẹsẹ̀ kò bá ṣe, orí kò ní gbà á. Nítorí "go round", ó pòòyì lẹ́ẹ̀mẹrin ká oníbàárà tó wá sọ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì, oníbàárà sá lọ. Nítorí "go under", ó wọ abẹ́ tábìlì, ó há síbẹ̀, èmi àti télọ̀ tó kọjú sí wa la fà á lẹ́sẹ̀.

Télọ̀ ní, "Bàbá Gó, gbogbo lílọ yín yìí, ẹ ò tíì dé ibì kankan o."

"Ẹ rọra fà mí," ó dáhùn láti abẹ́ tábìlì, "mi ò tíì kọ́ jíjáde."

Ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ̀, á kọ ọ́ sí pákó, á kàn án mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó ṣèèṣì kọ "GO IN" sára kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà. Obìnrin náà gbé e padà wá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní kí n wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ ṣe?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ná," ọkọ mi ní, "ká tó dé orí ìyẹn."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní òun ti tó. Ó wẹ̀, ó wọ kóòtù, nítorí fóònù. Ó tú pákó mọ́kànlélógún kúrò lára ògiri, ó tò wọ́n síwájú ara rẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ̀rọ̀. Fóònù dún. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọ yára jù ú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá àgbà. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ọmọ náà ti ń kọ́ Yorùbá ní tirẹ̀ láti oṣù mẹ́ta! Omi lé ròrò sójú ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ló wá bínú: "Ta ló rán an níṣẹ́? Kí n wá fi pákó mọ́kànlélógún dáná?"

Wọ́n parí ẹ̀ níkẹyìn. Bí ọkọ mi bá sọ "go up", ọmọ á dá a lóhùn pé "gòkè". Ó kan àwọn pákó padà, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí télọ̀ á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn lódìkejì títì.

Nígbà tí ọkọ mi papòdà, ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ wá. Ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń ka pákó sókè. Ó wá bi mí pé, "Ìyá àgbà, 'go away' dà?"

Ìyẹn, kúrò lọ́dọ̀ mi. Télọ̀ ti bi ọkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò ní pákó tí òun máa fi lé èèyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, ìyá rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè, ó sọ "go out", ó jáde. Ó padà, ó sọ "go in", ó wá dì mọ́ mi. Ó jáde, ó tún padà.

"A ó pẹ́ o!" ìyá rẹ̀ pariwo.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde, kó tó fojú kan títì.

Àwọn pákó náà ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́ òyìnbó, mo ti mọ méjèèjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jáde láì sọ ọ́. Màá dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bóyá ọkọ mi á pè mí padà.