Orí Arọ́pò

Kí ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí Kánádà, ọ̀sán Sátidé ni a máa ń ta gẹ́ẹ̀mù rẹ̀ bí ẹni ń ta ayò ní pálọ̀ ìyá mi, lẹ́yìn Ẹnuwá, gbàgede iwájú ààfin. Kò lo kọ̀ǹpútà, tábìlì lásán ni. Òun ló ń pìtàn; èmi àti àbúrò mi obìnrin ni jagunjagun inú ìtàn náà, a ń wá ọmọ ọba kan tí wọ́n jí gbé. Bí ìjà bá dé, dáìsì Lúdò ló ń dájọ́ ibi tí idà ti bani. Oókan ni orí, eéjì ni àyà, títí dé ẹẹ́fà tó jẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí idà bá bà lórí, ó ti kú nìyẹn.

Òfin náà dára, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni wá. Ta ló máa fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀ kó ní ibí ni idà ti wọlé? A kì í fi ara ẹni júwe ọgbẹ́. Ìjà á dúró, oníkálukú á máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ọ̀rẹ́ mi wá ya ọkùnrin kan sára páálí, ó sọ ọ́ ní Arọ́pò. Ara rẹ̀ ni a ń fi bírò pupa sàmì ọgbẹ́ gbogbo wa sí, kò sì ráhùn rí.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, a dé ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ọmọ ọba mọ́. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kó sọ fún mi bóyá ọmọ náà ṣì wà láàyè. Ó kọ̀, ó ní a ó ta á dé ibẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀ṣọ́ náà gbé idà sí mi, dáìsì já sí oókan. Àwo gúgúrú àti ẹ̀pà ti bo Arọ́pò mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì gbàgbé ara rẹ̀, ó fọwọ́ gbá àtàrí ara rẹ̀.

"Ibí ló bà. Ó kú."

Ìyá mi ló ń gbé omi tútù wọlé bọ̀.

"Ta ló kú?"

"Gẹ́ẹ̀mù ni, mà."

"Ìwọ tó o fẹ́ wọ bàálù lọ́la, lo fọwọ́ lé orí ara ẹ, lo ń ní ó kú? Sọ pé kì í ṣe orí ẹ."

"Kì í ṣe orí mi, mà."

"Ó tó. Ẹ kó o ńlẹ̀."

Ìyá mi mú Arọ́pò wọ yàrá wọn lọ. Ta ni yóò bá wọn jiyàn? Àbúrò mi ṣì wà láàyè nínú ìtàn náà, ó kù díẹ̀ kó ṣílẹ̀kùn. A jẹ ẹ̀pà wa tán, a ń rẹ́rìn-ín, a rò pé a ó parí ẹ̀ lórí fóònù.

A ò parí ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù láti pálọ̀ ìyá mi, mo bi í léèrè ọmọ ọba.

"Ọmọ ọba wo? Ó ti pẹ́ jù, mi ò rántí mọ́."

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò lè bínú sí i, mi ò sì lè bínú sí ìyá mi, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ìyá mi ti gbọ́ ohùn mi láti inú yàrá. Wọ́n fa Arọ́pò yọ lábẹ́ ẹní wọn, wọ́n gbé e fún mi. Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n fún bírò, orí nìkan ló mọ́.

"Ọmọ tí ẹ ń wá nígbà yẹn, ṣé ẹ padà rí i?"

"A rí i, mà."

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, mà."

Wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, pé láti ọjọ́ náà ni ọkàn àwọn kò ti balẹ̀.