Kaṣíà Inú Ìwé Tí Gbogbo Ìjọ Gbàdúrà Fún

Ọ̀sán Sátidé kan lóṣù ni ẹgbẹ́ akàwé wa máa ń pàdé ní pálọ̀ mi. A ò pọ̀. Ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Benin ni gbogbo wa, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní New Benin. Bọ̀dá kan wà, ará Ìjẹ̀bú, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó máa ń ka ìwé ìtàn bí ẹni tó ń yẹ fáìlì wò: tó bá ti rí àṣìṣe, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ̀gbọ́n kan wà, olùkọ́ ní yunifásítì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá wa, hẹdimísíréèsì tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì bíi tèmi. Ó ti pẹ́ nílùú yìí débi pé àwọn tó kọ́ ní kékeré ní àdúgbò Ogbe ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ.

Ìwé tí a ń kà lóṣù yẹn, ìwé adigunjalè ni. Àwọn ọkùnrin kan wọ báǹkì, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó owó tán, ọlọ́pàá ti yí ilé náà ká. Ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà àti òṣìṣẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí wọn láàyè kó gbé mọ́tò wá. Kaṣíà kan wà láàárín àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó lóyún, tí oṣù rẹ̀ sì ti pé. Nígbà tó dé àárín ìwé, ìrọbí mú un. Ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ọ̀gá àwọn olè ń pariwo lórí fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìgbà èwe ọlọ́pàá tó wà níta.

A ò tíì pàdé tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé náà. Bọ̀dá Ìjẹ̀bú pè mí níbi iṣẹ́.

“Kaṣíà yẹn mọ̀ nípa ẹ̀,” ó ní. “Oyún wo? Tìmùtìmù ló dì mọ́ inú.”

Ní tèmi, ohun tó ń bí mi nínú ni mánígà inú ìwé náà tó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá owó sápò, tó lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Báǹkì wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì, jí ìwé mi kà tán kí n tó kà á dé ìdajì. Mo fi Yorùbá bi í léèrè bó ṣe rí i. Ó fi Pidgin dá mi lóhùn: “Mummy, that police no get sense at all.” Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú ìpàdé wa, Màmá pè mí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Ọmọ mi, mo ti dé ibi tí ìrọbí ti mú un.”

“Ẹ ṣí ojú ewé tó kàn, Màmá.”

“N kò lè ṣí i. Tó bá kú ńkọ́?”

“Ṣé kí n sọ fún yín?”

“Má dán an wò! Mo ti gbé ìwé náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kó wà níbẹ̀ ná.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà nínú ìsìn, Màmá dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì fi òyìnbó tó fi ń kọ́ ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀dọ́bìnrin kan wà lọ́wọ́ àwọn adigunjalè, pé oyún wà nínú rẹ̀, ìrọbí sì ti mú un. Ó ní òun kò rí oorun sùn. Ó jókòó.

Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè Ẹdó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi omijé díẹ̀ kún un. N kò gbọ́ èdè Ẹdó púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó tì mí ká ọwọ́ lérí. “Twins!” ó ní. “Jesus!”

Mo wo Bọ̀dá Ìjẹ̀bú. Ó ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó ń tọ́jú èrò rò pé ó ń sunkún, ó fún un ní áńkáṣífì. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n sì gbàdúrà títí ara gbogbo wa fi gbóná. Báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n dúró ná, pé inú ìwé ni? Èmi náà ṣe àmín. Kí n má parọ́, àmín náà ti inú mi wá.

A ò tíì jáde tán tí ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin, tó ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Oliha, ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbé iṣu wá fún ẹbí ọmọ náà. Pásítọ̀ wa, ọmọ Ẹdó tó gbọ́ Yorùbá, wá bá mi. Ó béèrè bóyá báǹkì wa ni. Mo ní kó jẹ́ ká lọ bá Màmá.

“Kì í ṣe báǹkì tirẹ̀,” Màmá dá a lóhùn. “Inú ìwé ló wà.”

“Ìwé wo?”

“Ìwé ìtàn tí a ń kà.”

Pásítọ̀ wò ó. “Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò sùn, Mama.”

“N kò sùn. Èwo ni mo parọ́ níbẹ̀?”

Mo rí i tí Pásítọ̀ ń wá irọ́ náà, kò rí i. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fara ti ògiri. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tí gbogbo àwọn tó ti yí wa ká fẹ́ gbọ́: “So, she born?”

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́!” Màmá di etí méjèèjì.

Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ìjọ ni wọ́n gbé iṣu náà fún. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ àti olórí ẹgbẹ́ obìnrin wá sí ìpàdé wa. Mo ní láti gbé àga wá láti ìdí tábìlì oúnjẹ. Màmá ti fi ìgboyà ka ìwé náà tán. Kaṣíà ti bímọ sínú yàrá owó, tìyá tọmọ wà láàyè.

“No be twins?” Inú olórí ẹgbẹ́ obìnrin kò dùn tó.

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú kò gbà. Ó ní wọ́n lè gbé ọmọ wá láti ibòmíì. Màmá ní kó pa ẹnu dé, pé ẹ̀sùn tòun wúwo ju tiẹ̀ lọ: èèyàn á fi obìnrin sílẹ̀ lórí ìrọbí, á wá máa sọ bí ọlọ́pàá ṣe ń gba bọ́ọ̀lù ní kékeré? “Ẹni tó kọ ọ́ ò rọbí rí!” Pásítọ̀ yí ìwé náà padà, ó fi àwòrán òǹkọ̀wé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn án, obìnrin ni. Màmá wò ó dáadáa. “Kò tíì bímọ nìyẹn.”

Ẹ̀rín wa kò tíì rọlẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ fi sọ̀rọ̀.

“Ìbọn inú ìwé yẹn pọ̀ jù,” ó ní. “Ohun tó kọ dáadáa ni ọkọ kaṣíà, tó jókòó síta tó ń jẹ ẹ̀pà láìmọ̀ pé òun ń jẹun. Nígbà tí wọ́n jí àbúrò mi gbé lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, mo jẹ odidi búrẹ́dì kan. Ìgbà tí mo rí ọ̀rá rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni mo mọ̀.”

A ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

“Ó dé?” Màmá béèrè.

“Ó dé, Màmá. Ó ti sanra báyìí. Ó ń bá mi jà lórí ilẹ̀ bàbá wa.”

Bí ẹ̀rín ṣe tún gba ilé nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n náà ló sì rẹ́rìn-ín jù. Pásítọ̀, tí òun náà ti ka ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀, wá dá ọ̀rọ̀ olè kékeré tó bu omi fún kaṣíà sílẹ̀. Ó ní kò yẹ kí òǹkọ̀wé pa ọmọ yẹn, pé ọmọ tó ṣeé yí padà ni. Bọ̀dá Ìjẹ̀bú ní olè ni olè. Wọ́n jà á dé ẹnu géètì, níbi tí kẹ̀kẹ́ tí a pè fún Màmá ti ń dúró.

“Which bank dem rob?” Oníkẹ̀kẹ́ béèrè.

Màmá wọlé, ó fi ara balẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ojú ewé àkọ́kọ́. Oníkẹ̀kẹ́ pa ẹ́ńjìnnì.