Ojú Ìyá Mi, Ìyá Mi Ló Ni Ín

Bí o bá wọ ilé wa ní Ìjókù, ní Ṣàgámù, òórùn obì gbànja àti ewé gbòdògì tútù tí a fi ń di obì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Inú òórùn yẹn la jókòó sí lọ́jọ́ tí bùọ̀dá mi, àkọ́bí ilé wa, ti Èkó dé, tó ní òun fẹ́ mú Ìyá lọ wo mùsíọ́mù. Dókítà ojú ti sọ fún wa nígbà náà pé ojú Ìyá kò ní pẹ́ ṣú pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣókùnkùn. Iwájú gan-an nìkan ló kù tó ń rí. Bùọ̀dá mi fẹ́ kó rí ohun tó dára kó tó di pé kò ríran mọ́. Ìfẹ́ ni, mi ò jiyàn.

Ẹsẹ̀ Ìyá kò gba ju ibì kan lọ lójúmọ́, nítorí náà a ní láti yan ọ̀kan. Bùọ̀dá mi ti yan tirẹ̀: ilé àwòrán tuntun kan tó ní àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ibi tí wọ́n kó rélùwéè àtijọ́ sí ńkọ́?"

Bùọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín. "Irin tó ti dípẹtà! Ìyá, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

Kí ló fẹ́ wò? Ọkọ̀ ojú irin yẹn ló fi ń kó obì lọ sí Kánò nígbà tó wà ní ìyàwó titun. Ní gbogbo ibùdókọ̀, bí àwọn èrò bá ń ra ẹ̀kọ jẹ, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sáré lọ sídìí ẹrù, wọn yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Bí obì bá ti gbóná, ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kó gba atẹ́gùn. Ọwọ́ yẹn ló rán bùọ̀dá mi lọ sí yunifásítì.

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bùọ̀dá mi tiẹ̀ fẹ́ fá a níṣojú olórí ni. Nígbà tí a dé Èkó, ó yà sí ọ̀nà ilé àwòrán láìbi ẹnikẹ́ni. Mo rí pátákó wọn, mo sì kà á sókè kí Ìyá lè gbọ́.

"Dá ọkọ̀ dúró," ni Ìyá wí. "Mi ò rebẹ̀ jàre."

Bùọ̀dá mi kọjú sí mi. "Ìwọ lo kọ́ wọn!"

Nílé wa, a kì í dá àkọ́bí lóhùn. Mo dá a lóhùn. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú, ojú ta ló ń lọ?" Ó dá ọkọ̀ dúró. Mo ṣílẹ̀kùn, mo di Ìyá lọ́wọ́ mú, a bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Inú ń bí mi, ẹ̀rù ò sì bà mí rárá.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n kó rélùwéè àtijọ́ sí, a rí ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n fi ń kó ẹrù; wọ́n ti kùn ún ní pupa, wọ́n fi okùn yí i ká. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o." Mo gbé okùn sókè. Mo ní, "Ẹ wojú wọn dáadáa, kẹ́ ẹ tó dá wọn dúró." Ó wò ó, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá sún mọ́ ọn, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí i tán. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára irin náà, bó ṣe máa ń ṣe sí obì.

"Kò gbóná," ó wí. "Alihamudulilai." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú náà ti ṣú báyìí. Bùọ̀dá mi ṣì máa ń ráhùn pé irin tó dípẹtà ni ìyá wa rí gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ná an, kò sẹ́ni tó bá a ná an.