Ìyá Àgbà Kò Fẹ́ Tútù

Ìyá tó bí ìyá mi kò mu omi tútù rí lójú mi. Kí oòrùn Cotonou máa yan èèyàn lórí, kí gbogbo wa máa wá ohun tútù tí a ó fi rin ọ̀fun, omi inú ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni yóò bù. Bí èyí náà bá tutù jù lójú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbé ife náà sí oòrùn. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ẹ wo obìnrin tó fi omi dídì tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló tún ń sá fún un. Omi rẹ̀ ni yóò máa mu lọ. Àwa ọmọ-ọmọ rò pé àrà àgbà ni.

Yìnyín ni Ìyá Àgbà tà jẹun. Abúlé kan lẹ́bàá Kétu ni wọ́n bí i sí. Ìwé ìjọba kọ ọ́ pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí báyìí, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ náà ní pàtó. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó mú un wá sí Cotonou, ó sì kú kí àbíkẹ́yìn wọn tó mọ̀ ọ́n rìn. Òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Cadjèhoun ló ta ògbólógbòó fírígò kan fún opó náà. Inú abọ́ ni Ìyá Àgbà ti ń mú kí omi dì, yóò fi àpò ìrẹsì wé e, yóò gbé e lérí, ó di ọ̀dọ̀ àwọn oníbáà àdúgbò Jonquet. Nígbà tó yá, fírígò di mẹ́rin. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè ilé wa láti balẹ̀, àwọn fírígò náà a máa gbọ̀n jìgìjìgì nílẹ̀. Inú ariwo méjèèjì yìí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà.

Kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ o. Mo ń sọ èyí nítorí pé bí arúgbó bá ti kú báyìí, gbogbo ẹnu ni í sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ìyá Àgbà a máa gbá ni létí. Ó bá fàdá kan yodì fún odindi ọdún mẹ́ta nítorí pé fàdá náà ní kí ó dákẹ́ nígbà ìwàásù. Kò mọ ìwé, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó lè fi èsì ìdánwò rẹ́ ẹ jẹ. Yóò ní kí o ka èsì náà fún òun, kò ní wo bébà, ẹnu rẹ ni yóò máa wò. Níbi tí ohùn rẹ bá ti lọ sílẹ̀, yóò ní, "Padà síbẹ̀ yẹn, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọwọ́ rẹ̀ ti sán, ó le, ìka méjì kò sì ká mọ́. Bó bá fi ọwọ́ náà gbá ọ lẹ́rẹ̀kẹ́ mú láti kí ọ kú ewu, ó máa dùn ọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá fúnra wa.

Ohun tó fi ń sá fún tútù, ìgbà tí mo ti di olùkọ́, tí mo ti lé ní ogójì ọdún, ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ó ti dàgbà jù láti dá gbé, ìyá mi sì ti mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Ekpè. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú, ẹ̀wù méjì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n á gbé mi lọ síbẹ̀."

"Síbo, Ìyá Àgbà?"

"Sínú tútù. Ìyá rẹ á fẹ́ ṣe òkú ńlá. Mo mọ ọmọ tí mo bí."

Nígbà náà ló wá tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Láyé ìgbà tó ń ta yìnyín, kì í ṣe gbogbo òkú ni wọ́n ń gbé lọ sí mọ́ọ̀gì, ilé ìtọ́jú òkú. Bí èèyàn bá kú, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, ẹbí á wá ra yìnyín, wọ́n á tò ó yí òkú ká nínú yàrá títí ọmọ náà yóò fi dé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ, kí wọ́n má baà fọ́ abọ́ òun. Òun náà ló máa ń padà lọ kó abọ́ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ohun tó rí ní àwọn ìgbà ìpadàlọ yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

"Ara kì í sùn nínú tútù," ó ní. "Ńṣe ló ń ṣọ́nà. Mo rí wọn. Bí mo bá kú láàárọ̀, ẹ sin mí nírọ̀lẹ́. Bí mo bá kú nírọ̀lẹ́, ẹ sin mí láàárọ̀. Aṣọ mi wà nínú àpótí. Ẹ pe fàdá, ó tán."

"A ti gbọ́, ìyá."

"Mi ò bá ẹ̀yin wí. Ìwọ ni mò ń bá wí."

Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹlẹ́nu mímú nínú ẹbí wa, ẹni tí í sọ̀rọ̀ tí pálọ̀ á dákẹ́. Bíbélì ìyá mi wà lórí tábìlì, mo gbé ọwọ́ tó kún fún òrí lé e. Mo ní wọn ò ní gbé e lọ síbẹ̀, lójú ẹ̀mí mi. Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní kí n pa ẹsẹ̀ kejì, pé kí n má fi ọ̀rọ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lákòókò òjò ló kú, lẹ́yìn ọdún méjì sí ìgbà náà. Ó jẹ àkàsà díẹ̀, ó ní kí ìyá mi ti fèrèsé, kí ìyá mi sì tó yíjú padà, ó ti lọ. Nígbà tí mo fi ti ilé ìwé dé ibẹ̀ lórí ọ̀kadà zémidjan, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀. Ìyá mi ni àkọ́bí, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, lójú ẹni tí ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀. Ó mú bébà àti bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: kí wọ́n kun ilé abúlé tí a ó ti sin ín, kí wọ́n da símẹ́ńtì sí àgbàlá, kí wọ́n bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Faransé, tí àwa ọmọ ń pè ní tọ́ntọ́n, ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú fóònù tí wọ́n gbé ti ìgò omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Oṣù kan péré. Ẹ má sin ìyá mi lẹ́yìn mi."

"A ó dúró dè ọ́," ìyá mi ní. "A ò ní sin ín bí ẹni tí kò bímọ. Wọ́n á ní ńṣe la sáré gbé e pamọ́." Ó wo ojú gbogbo wa. "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀. Ó ti dé ẹnu mi, ó kù kí n là á. Bí mo bá ní ẹkún tọ́ntọ́n mi yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́, ìdajì òtítọ́ ni mo sọ. Ìdajì kejì nìyí: ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sábẹ́ àgọ́ ìsìnkú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, tí mò ń jẹ oúnjẹ wọn, tí mò ń fojú wọn iye èrò tó wá. Mo fẹ́ kí wọ́n wá sí tèmi náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ìdílé tí mo ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá sin ín lọ́la, nínú òjò, láàárín ọ̀sẹ̀, ta ni yóò wá? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Ìyá Àgbà ló dákẹ́.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sí mọ́ọ̀gì, nítorí káàdì ìdánimọ̀ mi wà nínú báàgì. Ọkùnrin tó ń gba òkú wọlé níbẹ̀ jẹ́ onísùúrù èèyàn. Ó fi ibi tí n ó fọwọ́ sí hàn mí, mo fọwọ́ sí i. Mo wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan. Mo ní ṣé tútù ibẹ̀ pọ̀.

"Màdáàmù," ó ní, "wọn kì í mọ̀."

Oṣù kan tí a dá di ọ̀sẹ̀ méje. Kíkùn ilé abúlé kò tètè parí, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí tọ́ntọ́n mi tún mú ìwé mìíràn wá. Mò ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, mò ń bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí mo bá fa aṣọ bora, mo máa ń rántí ibi tí mo fi ìyá ìyá mi sí, mo máa ń ká aṣọ náà kúrò. Mo kórìíra ara mi lásìkò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi kí n lè jẹ́wọ́ ìlérí tí mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo bá a níbi tó ti ń yan àwọ̀ ọ̀dà, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, mo bá a yan ọ̀dà náà.

Tọ́ntọ́n mi kò rí ìwé gbà. Inú fóònù kan náà ló ti wo ìsìnkú, ẹnì kan ń gbé e kiri fún un.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbé Ìyá Àgbà jáde ní mọ́ọ̀gì, èmi àti ìyá mi la wọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọṣọ fún un. Aṣọ inú àpótí, tó yan fúnra rẹ̀, ti fẹ̀ jù fún un. Ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ti fà wọlé, ẹnu rẹ̀ sì ti le sí ọ̀nà kan bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó sọ. Ìyá mi fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó ní, "Kì í ṣe òun." Mo ní, "Òun ni, màmá." Ó tún ní, "Kì í ṣe òun."

Ìsìnkú náà dára. Mi ò ní purọ́. Ọkọ̀ méjì kún fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wọn ló ń yin ilé abúlé náà. Ó dùn mọ́ mi fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo lọ sẹ́yìn ilé lọ bì.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá mi pè mí wá sí Ekpè, tó ní kí n jókòó. Ó ti rù. Ó ní oorun kò kun òun mọ́.

"Nígbà tó bá kan èmi, ẹ má gbé mi lọ síbẹ̀."

Mo la ẹnu láti ní a ti gbọ́. Ohun mìíràn ló jáde. Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlérí, Bíbélì, ìpàdé. Mo rò pé yóò na mí, mo sì fẹ́ kó nà mí. Ó jókòó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Bí o bá sọ ọ́ nígbà yẹn," ó ní, "ǹ bá má gbọ́. Ǹ bá ní kí o jókòó."

Ó dìde, ó mú bébà àti bírò wá. Ó ní ẹnu kò tó nínú ẹbí wa, kí n kọ ọ́: kí wọ́n sin òun lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá wà nítòsí kó sin òun, ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn kó gbàdúrà níbi tó wà. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí gbogbo ọmọ òun fọwọ́ sí i tẹ̀ lé òun.

Mo fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé e tọ àwọn àbúrò mi méjèèjì lọ. Èkíní ní kí ló dé tí mò ń pe ikú lé màmá lórí, pé kí n gbé bébà yẹn kúrò lójú òun. Èkejì kà á tán, ó ní kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òun yóò wà nígbà náà ná, nítorí òun ń gbèrò Kánádà. Ìyá mi ń bi mí léèrè ní gbogbo Sátidé pé ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo ń sọ fún un pé wọ́n ti fọwọ́ sí i.