Oògùn Tí N Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Rí

Ó ti rẹ̀ mí kí ọmọ mi tó bímọ. Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró fún bí ọdún méjì, ooru ló gba ipò rẹ̀. Màá jókòó jẹ́jẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi ní Muṣin, òógùn á kàn bò mí lójijì. Lóru, n kì í sùn. Dókítà kan ní Yaba wá fún mi ní oògùn oníhóró, ó ní yóò rọ́pò ohun tí ara mi kò pèsè mọ́. Ooru náà rọlẹ̀ lóòótọ́.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, bí àkọ́bí rẹ̀ ní Àgùdà. Mo palẹ̀ mọ́, mo lọ wẹ ọmọ. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe èmi? Láti ìgbà tí mo ti di opó ni mo ti ń retí ọmọ yẹn.

Mo di oògùn mi mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Ojú ń tì mí. Ó jọ èyí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń lò kí wọ́n má baà lóyún. Kí ni opó ń fi irú ẹ̀ ṣe? Láràárọ̀ ni mò ń lò ó, lẹ́yìn ẹ̀kọ àti àkàrà, torí ènìyàn kì í fi inú òfìfo gbé oògùn òyìnbó mì. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun á máa kùn mí ṣáá. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, mò ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Igbe ọmọ mi ni mo gbọ́: “Yéè! Màámi!” Ọmọ ti ń yọ̀ bọ́ sínú bàsíà omi gbígbóná. Ìyá rẹ̀ já a gbà.

“Ẹ ń sùn, Màámi!”

“N kò sùn o, mo kàn dijú ni.”

Irọ́ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà rèé, orí ọmọ wọ́ lórí ẹsẹ̀ mi.

Ọmọ mi kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní òun á bẹ ìyá ọkọ òun kí wọ́n wá máa wẹ̀ ẹ́, kí èmi sinmi. Sinmi! Ta ló wá sinmi?

Wọ́n dé láti Ìwáyà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí pálọ̀ tí mò ń ṣa ẹ̀wà bí àlejò, tí wọ́n ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń kì í ní oríkì ilé wọn. Ó dùn mí dọ́kàn. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo tú ìṣẹ́tí ìró, mo kó oògùn fún ọmọ mi pẹ̀lú bébà inú rẹ̀. Yorùbá nìkan ni mo lè kà, Gẹ̀ẹ́sì ni bébà náà.

Ó kà á.

“Màámi, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ń mú oorun wá. Alẹ́ ni kí ẹ máa lò ó, tí ẹ bá fẹ́ lọ sùn. Ṣé nọ́ọ̀sì tó kó o fún yín ò sọ ọ́ ni?”

Bóyá ó sọ ọ́. Èrò pọ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń wò mí ni èmi ń wò, n kò fetí sí i.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún. “Kí ló dé tí ẹ ò fún mi kà?”

Iye aṣọ tí mo rán kí ọmọ yìí tó mọ̀wé, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ó gbé ọmọ, ó nà án sí mi. “Ẹ gbà, ẹ wẹ̀ ẹ́.”

Ọwọ́ mi ti fẹ́ gbà á. Mo fà á padà.

“Gbé e fún ìyá ọkọ rẹ lónìí,” ni mo wí. “Mo ti lo ti àárọ̀ yìí.”